Ta Ló Ni Sùúrù, Ta Ló Ni Èrè?



Bí ẹnìkan bá bi mí léèrè ibi tí mò ń gbé ní Èkó, tí mo sì dáhùn pé Sùúrùlérè ni, ìbéèrè tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé, "Ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Wọn a ní kí ni mo jókòó ń ṣe láàárín ariwo àti èéfín, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti kọ́lé sí Ìkòròdú àti Ọ̀tà, níbi tí ilẹ̀ gbé fẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Mo máa ń sọ fún wọn pé orúkọ àdúgbò wa ti dáhùn ìbéèrè wọn: sùúrù lérè. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà kí ó tó di ọjọ́ kan tí ó yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó mú mi kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè yé ẹni tí kò gbé ọ̀dọ̀ wa rí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ibi tí a ń gbé.

Sùúrùlérè kì í ṣe ìgbèríko, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí erékùṣù Èkó. Ẹ̀yìn afárá ni ó wà, láàárín ìgboro gan-an. Èbúté Mẹ́tta àti Yábàá wà lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ sí i, Mùṣín wà lápá òkè, Ìgànmú sì wà nísàlẹ̀ lójú ọ̀nà Àpápá. Ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2006 fi hàn pé àwọn tí ń gbé ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè lé ní 500,000. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹsẹ̀ rin ibẹ̀ já kí wákàtí méjì tó pé. Títì ńlá tí ó gba ibẹ̀ kọjá ni Western Avenue, tí wọ́n sọ di Funsho Williams Avenue lẹ́yìn tí wọ́n pa olóṣèlú náà ní 2006. Àwọn òpópónà mìíràn ń jẹ́ orúkọ àwọn èèyàn ńlá àtijọ́, bíi Bọ́dé Thomas àti Adéníran Ògúnsànyà. Shitta náà wà níbẹ̀, orúkọ tí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ mọ́ṣáláṣí tí Mohammed Shitta Bey kọ́ sí erékùṣù Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894. Kò sì jìnnà sí Shitta kí a tó dé Ojúẹlẹ́gba, tí ó gba orúkọ tirẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹlẹ́gba tí àwọn ará àtijọ́ ń bọ níbẹ̀. Báyìí ni orúkọ Mùsùlùmí, orúkọ Kìrìsìtẹ́nì àti orúkọ òrìṣà ṣe jókòó ti ara wọn, tí ọkọ̀ dánfó sì ń pè wọ́n tẹ̀ léra láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Bí orúkọ ṣe dà pọ̀ ni ilé àti òwò náà dà pọ̀. Ní òpópónà tiwa, lápá Láwáńsọ́n, ilé tí kò ní ṣọ́ọ̀bù kankan kò tó ìka ọwọ́ kan. Ilé àkọ́kọ́, télọ̀ ni ó wà nísàlẹ̀, tíṣà tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó ń gbé òkè. Ilé kejì, oògùn òyìnbó ni wọ́n ń tà níwájú, ayálégbé mẹ́jọ sì wà nínú yàrá mẹ́jọ lẹ́yìn, tí gbogbo wọn jọ ń lo ilé ìdáná kan. Ẹnìkejì rẹ̀ ni baba kan tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni tajà nínú ọgbà òun, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ti fi ẹnu géètì rẹ̀ ṣe ibi iṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, òórùn àkàrà a gba afẹ́fẹ́, ẹ̀rọ ìlọta a bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí ó bá di alẹ́, tí iná ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ a gba ìlú kan. Èyí tí ó kéré jù nínú àwọn jẹnẹrétọ̀ wọ̀nyí, àwọn ará Èkó fún un ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ kan. Bí a bá tú orúkọ náà sí Yorùbá, ohun tí ó ń sọ ni pé "mo sàn ju aládùúgbò mi lọ". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo ń bẹnu àtẹ́ lu àdàpọ̀ yìí. Ó ti ṣe mí lóore. Ní òru ọjọ́ kan tí ibà gbé ọmọ mi kejì tí ó ń gbọ̀n gìrìgìrì, ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́kẹ́mísìtì yẹn ni mo kàn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti inú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ìró lọ́rùn. Ká ní ibi tí òwò ń gbé yàtọ̀ sí ibi tí ènìyàn ń sùn ni, níbo ni ǹ bá sá lọ ní aago kan òru? Opó tí ó ń tajà níwájú ilé kò nílò ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ọmọ. Olè náà kì í rọrùn láti jà níbi tí ojú ènìyàn ò kúrò ní títì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí wọ́n lé gbogbo òwò kúrò láàárín ilé, kò mọ bí tálákà ṣe ń jẹun.

Bí àdúgbò yìí ṣe di bí ó ṣe wà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá bàbá mi. Ní ọdún 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa ènìyàn púpọ̀ ní Èkó, ìjọba òyìnbó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB láti máa tún ìlú tò. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1955 láti wó àwọn ilé tí ó fún pọ̀ mọ́ ara wọn ní àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, lórí ilẹ̀ tí ó tó 70 éékà. Òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, wọ́n sì fẹ́ kí olú-ìlú Nàìjíríà dára lójú àlejò. Ibi tí wọ́n kọ́lé sí fún àwọn tí wọ́n wólé wọn ni Sùúrùlérè, tí wọ́n tún ń pè ní New Lagos, ìyẹn Èkó Titun.

Ìyá àgbà wa wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ata àti ẹja gbígbẹ ni ó ń tà ní ọjà Ọbùn Èkó. Ó ní nígbà tí àwọn kó dé Sùúrùlérè ní 1957, ohun tí ojú òun rí dára: ilé tuntun, omi ẹ̀rọ, ojúde tí ọmọ lè sáré lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà kò sí. Àfi kí ó wọ bọ́ọ̀sì gba orí afárá Carter padà lọ sí ọjà, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè orí ẹja. Àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà láti kékeré ti fọ́n ká. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, kò sí àbúrò tàbí ìyá ọkọ nínú yàrá kejì mọ́. Kì í ṣe ìyá àgbà tèmi nìkan ni ó rí báyìí. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Peter Marris ṣèwádìí láàárín àwọn tí wọ́n kó wá yìí, ó sì gbé e jáde nínú ìwé ní 1961. Ohun tí ó rí ni pé inú àwọn kan dùn sí ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti jíjìnnà sí ẹbí ń ni àwọn púpọ̀ lára, ọjà àwọn obìnrin sì ti bàjẹ́.

Gbogbo ẹni tí ìyá àgbà bá sunkún lọ bá ni ó ń sọ fún un pé kí ó ṣe sùúrù. Ó sì ṣe é. Ilẹ̀ tí wọ́n kó wọn kúrò lórí rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kí àwọn onílẹ̀ padà wá rà á, ṣùgbọ́n agbára ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ká a. Ìyá àgbà máa ń sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀ pé, "Àwa la ṣe sùúrù, àwọn kan ló jẹ èrè." Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé eré ni ó ń ṣe.

Nígbà tí ó rí i pé òun kò lè máa lọ máa bọ̀ mọ́, ó gbé àtẹ síwájú ilé. Aládùúgbò kan gbé tirẹ̀, òmíràn náà gbé tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ sítédíọ̀mù ńlá orílẹ̀-èdè sí ẹ̀gbẹ́ wa, tí wọ́n ṣe ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀ ní 1973, ọjà tún gbòòrò sí i. Èmi fúnra mi ta omi tútù níta sítédíọ̀mù ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjíríà ní góòlù mẹ́ta sí òdo láti gba ife Áfíríkà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò SAP dé ní 1986. Owó náírà já wálẹ̀, owó oṣù kò tó ná mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú àtẹ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gáréèjì wọn di ṣọ́ọ̀bù. Ebi ni ó sọ àdúgbò wa di ọjà, kì í ṣe ojúkòkòrò.

Owó Udoji tí bàbá mi gbà ní 1975 ni ó fi kan òrùlé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa tí a wà nínú rẹ̀ di òní. Nígbà tí ó jáde láyé ní 1998, ìyá wa ti ṣáájú rẹ̀ lọ, àwa ọmọ mẹ́rin ni a jogún rẹ̀, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. Lẹ́mọ́mù wa bá wa pín in gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn. A kò ta ilé náà. Èmi ń gbé òkè, a sì ń fi ìsàlẹ̀ gba owó, tí a ń pín owó náà lọ́dọọdún: ìpín méjì méjì fún àwa ọkùnrin, ìpín kọ̀ọ̀kan fún àwọn obìnrin. Ní 2016, obìnrin kan tí ó ń ta ẹja inú yìnyín gba yàrá iwájú. Inú mi dùn sí i, torí pé ìyá àgbà wa náà ta ẹja rí. Ó gbé fírísà mẹ́ta wá, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ tí ó tóbi sí àlàfo tóóró tí ó wà láàárín ògiri wa àti ilé kejì. Èmi ni mo fi ibẹ̀ hàn án. Mo ní kí ó má gbé e sí ẹ̀yìn, kí ariwo rẹ̀ má baà dí wa lọ́wọ́ oorun.

Ìyá Ìbejì ni ó ni ilé kejì yẹn. Ìjọ Àgùdà ni ó ń lọ. Láti 1978 ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ni ó ń se ẹ̀kọ fún un ní àràárọ̀. Ní ọjọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ bàbá mi, ojúde tirẹ̀ ni a to àga sí. Bí Kérésì bá dé, ìrẹsì rẹ̀ a wọlé wa. Bí Iléyá bá dé, ẹran wa a wọlé rẹ̀.

Ẹran Iléyá ọdún 2018 ni ó tú àṣírí mi. Mo fi í rán àbíkẹ́yìn mi. Nígbà tí ó padà dé, ó ní, "Bàbá, Màmá Ìbejì ti kan fèrèsé yàrá wọn pa. Inú ilé wọn gbóná gan-an." N kò kọ́kọ́ kà á sí. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, mo ní kí n lọ kí i. Mo bá a nínú yàrá tí ó ṣókùnkùn, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Ó ti kan pátákó mọ́ fèrèsé kan ṣoṣo tí ó kọjú sí wa, ó sì fi àkísà dí gbogbo ojú ihò rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń wúkọ́. Òórùn èéfín ṣì ń wọlé síbẹ̀síbẹ̀.

Mo bi í pé, "Màmá, láti ìgbà wo?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Sùúrù ni gbogbo rẹ̀."

Mo tún bi í pé èéṣe tí kò fi sọ fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé ẹnu púpọ̀ ni ó wà lórí owó ilé náà. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé, "Mo sì gbọ́ wàásù rẹ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́jọ́ yẹn, tí o ń sọ̀rọ̀ lórí sùúrù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi."

Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Òótọ́ inú rẹ̀ ni ó ń sọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àsálátù wa ni mí, lóòótọ́ ni mo sì ti gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Lẹ́mọ́mù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan láti ṣàlàyé Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 153, níbi tí Ọlọ́run Ọba ti pàṣẹ pé kí a fi sùúrù àti ìrun wá ìrànlọ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà yìí jókòó nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ mi, ó ń gbọ́ ohùn mi tí mò ń kọ́ ọ ní sùúrù. N kò mọ bí mo ṣe jáde kúrò nínú ilé rẹ̀.

Lóru ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìyá àgbà padà sí mi létí. Àwa la ṣe sùúrù, àwọn kan ló jẹ èrè. Mo ti wà lára àwọn kan yẹn fún ọdún méjì láìmọ̀. Sùúrù tí Ọlọ́run pa láṣẹ fún mi, èmi ni ó ní kí n ṣe é. Kò fún mi ní àyè láti gbé e ka aládùúgbò mi lórí, kí n wá máa gba owó rẹ̀.

Mo padà sínú ìwé. Nínú Súrà An-Nisā’, ẹsẹ 36, lẹ́yìn tí Ọlọ́run Ọba pàṣẹ pé Òun nìkan ni kí a máa sìn, Ó ka àwọn tí a gbọ́dọ̀ ṣe dáadáa sí, aládùúgbò sì wà lára wọn, yálà ó bá wa tan tàbí kò bá wa tan. Bukhari àti Muslim gba hádíìsì kan wá tí ó sọ bí Màlékà Jibril ṣe ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò fún Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, títí tí Ànábì fi rò pé yóò fún aládùúgbò ní ìpín nínú ogún. Imam Malik, tí àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé ọ̀nà rẹ̀, sì gba òmíràn wá nínú Muwatta tí ó lòdì sí kí ẹnikẹ́ni máa ni ẹlòmíràn lára. Mo ti mọ hádíìsì méjèèjì yìí láti ilé kéwú. Bẹ́ẹ̀, àwa ajogún mẹ́rin ń pín owó ilé lọ́dọọdún, aládùúgbò tí ó kù díẹ̀ kí ó di ajogún ń gba èéfín.

Ní ọjọ́ kẹta mo pe ẹlẹ́ja. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun náà ń fi òwò yẹn bọ́ ọmọ, èmi ni mo sì fún un ní ibi tí ó gbé ẹ̀rọ sí. A gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìn, sí abẹ́ fèrèsé tèmi. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, mo jí ní aago méjìlá, ọ̀fun mi ń ta mí, orí ń fọ́ mi. Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó mọ ohun tí mo ti ń ṣe sí Ìyá Ìbejì. Gbogbo wa la mọ̀ pé irú èéfín yìí ti pa odindi ìdílé mọ́jú rí nínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo pe jórinjórin, ó so páìpù gígùn mọ́ ẹnu rẹ̀ tí ó gbé èéfín kọjá òrùlé. A sì fi àdéhùn sí i pé tí ó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, kí ó pa á, torí pé fírísà tí ó bá ti dì dáadáa tí a kò ṣí kì í tètè yọ́. Ẹja rẹ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan nítorí àdéhùn yìí, a sì yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé rẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ni ó parí sí, ǹ bá ní ó rọrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ọkùnrin kan wá bá wa pé òun fẹ́ fi gbogbo ìsàlẹ̀ ilé ṣe ilé búrẹ́dì. Ìlọ́po mẹ́ta owó tí ẹlẹ́ja ń san ni ó fẹ́ san. Búrẹ́dì kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n òru ni wọ́n ń yan án, ẹ̀gbẹ́ ògiri Ìyá Ìbejì ni ààrò yóò wà, jẹnẹrétọ̀ oní-dísù sì ni wọn yóò lò. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé jọ ní ọjọ́ Àìkú kan. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí a gbà á. Mo sọ ohun tí ojú mi rí, mo ní kí a má gbà. Àbúrò mi obìnrin tí ó kéré jù, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ rẹ̀ méjì wà ní yunifásítì, dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ní kí a má fi sùúrù lé aládùúgbò lórí. Ṣé èmi ni kí n wá máa ṣe é báyìí?"

Ẹnu mi wọhò. Mo ti fẹ́ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì: kí n dá ohun tí ó dára, kí ẹlòmíràn sì san owó rẹ̀. Ìpín méjì ni mò ń gbà, ìpín kan ni òun ń gbà, èmi ni mo sì ń gbé inú ilé. Mo ní kí wọ́n máa yọ ìdajì ìpín tèmi fún un títí àwọn ọmọ náà yóò fi jáde. Nígbà tí ó gbọ́ èyí, ó gbà. Ìyàwó mi kò fi gbogbo ẹnu bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, n kò sì bá a wí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Oníbúrẹ́dì wá ilé sí ibòmíràn, ẹlẹ́ja sì ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí owó bẹ́ǹtírò ti fò sókè ní 2023, fírísà kan péré ni ó ń lò.

Mo tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé mọ́ṣáláṣí. Mo bẹ Lẹ́mọ́mù wa pé ìpè ìrun ni kí ó máa gba orí ẹ̀rọ ìta, kí wàásù àti àsálátù máa wà nínú ilé fún àwa tí a wá gbọ́ ọ. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wà ní ìkángun òpópónà ń ṣe àìsùn mọ́jú, èéṣe tí àwa yóò fi dákẹ́? Mo ní ilé-iṣẹ́ LASEPA tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ń ṣọ́ àyíká ti ti ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí pa rí nítorí ariwo, ó sì ti ti ti ṣọ́ọ̀ṣì náà pa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ìjọba ni ó yẹ kí ó kọ́ wa ní ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Lẹ́yìn oṣù méjì Lẹ́mọ́mù gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì ń ṣe àìsùn rẹ̀. Ìyẹn, sùúrù tèmi ni, mo sì ń ṣe é.

Pátákó tí ó wà lójú fèrèsé Ìyá Ìbejì kò kúrò kíá. Mo ń wò ó láràárọ̀. Ó pẹ́ kí ẹni tí ó ti fara da nǹkan tó gbà pé ó ti tán. Iléyá 2019 ni mo rán ọmọ mi lọ pẹ̀lú ẹran, tí ó padà wá sọ pé wọ́n ti yọ pátákó, kọ́tìnì funfun ni ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, púpọ̀ nínú wa ni ó ń gbé irú àdúgbò yìí, yálà ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo. Ibi tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù bá gbé wà nínú ògiri kan náà, kò sí bí èéfín ẹnìkan kò ṣe ní wọ imú ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí a máa bi ara wa léèrè, pàápàá àwa tí a ń gba owó ilé: ta ni ó ń ṣe sùúrù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ta sì ni ó ń jẹ èrè rẹ̀? Bí ẹni méjèèjì kò bá jẹ́ ẹnìkan náà, iṣẹ́ wà fún wa láti ṣe. Kí a má dúró kí aládùúgbò tó wá kanlẹ̀kùn, nítorí ẹni tí ìyà ń jẹ jù lè jẹ́ ẹni tí ó dákẹ́ jù.

Wọ́n ṣì máa ń bi mí pé, "Ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Mo ṣì wà níbẹ̀. Kí Ọlọ́run Allah dárí èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀ jì wá, kí Ó má ṣe jẹ́ kí a jẹ́ ìnira fún aládùúgbò wa, kí Ó sì jẹ́ kí sùúrù gbogbo ẹni tí ó ń ṣe é ní èrè láyé àti ní ọ̀run. Àmín.